Ta Ni A Ó Fa Kọ́kọ́rọ́ Lé Lọ́wọ́?

Ọ̀rọ̀ àwọn àgbàlagbà tó ti fẹ̀yìn tì ni mo fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò lónìí, pàápàá jù lọ àwọn tí ìfẹ̀yìntì wọn kò túmọ̀ sí ìjókòó sójú kan. Kí á tó wọ inú ọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo gbólóhùn náà fúnra rẹ̀. "Fẹ̀yìn tì" ni a ń pè é, èyí ni pé kí ènìyàn fi ẹ̀yìn ti nǹkan. Ẹni tó bá fẹ́ fẹ̀yìn tì gbọ́dọ̀ rí ohun tí yóò fẹ̀yìn tì. Ògiri lè jẹ́ ohun náà, igi lè jẹ́ ẹ́, ènìyàn sì lè jẹ́ ẹ́. Bí kò bá sí nǹkan kan lẹ́yìn ẹni tó fẹ̀yìn, ilẹ̀ ni yóò bá ara rẹ̀. Nítorí náà, èdè wa kò kàn sọ pé ẹni náà ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́; ó tún ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, kí ni ó wà lẹ́yìn rẹ?

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi àti ìyàwó wọn ni wọ́n jẹ́ kí n máa ro ìbéèrè yìí ní àròtúnrò. Bàbá àti Màmá ni mo ń pè wọ́n, bẹ́ẹ̀ náà ni n ó sì ṣe máa pè wọ́n níhìn-ín. Ọmọ Iléṣà ni àwọn méjèèjì. Wọ́n ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù fún ohun tó lé ní 30 ọdún. Bàbá ń wa bọ́ọ̀sì, Màmá sì ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, wọn kò padà wálé pátápátá, wọn kò sì jókòó sí ọ̀hún pátápátá. Bí ó bá ti di oṣù Kọkànlá, tí òtútù bẹ̀rẹ̀ sí í wọ eegun lọ́hùn-ún, wọ́n á wọ bàálù, ó di ilé tí wọ́n kọ́ sí Iléṣà. Bí ó bá sì ti di ìparí oṣù Kẹta, tí òjò ń ṣú níhìn-ín, tí oòrùn ń padà bọ̀ lọ́hùn-ún, wọ́n á tún palẹ̀ mọ́. Òṣogbo ni èmi ń gbé, ọ̀nà ibẹ̀ sí Iléṣà kò sì ju nǹkan bí 30 kìlómítà lọ. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé èmi ni mo máa ń lọ bá wọn palẹ̀ ilé mọ́ lọ́dọọdún.

Ẹ mọ ẹyẹ lékeléke, ẹyẹ funfun tí ó máa ń tẹ̀lé màlúù kiri. Ní agbègbè tiwa, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ojú wa máa ń rí wọn jù; bí òjò bá ti múlẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn á forí lé apá àríwá. Àwọn aládùúgbò Bàbá ti sọ èyí di àwàdà. Bí wọ́n bá ti rí iná nínú ilé náà ní ìgbà ọyẹ́, wọ́n á ní, "Lékeléke ti dé o!" Ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo gbọ́ pé orúkọ ẹyẹ náà ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pe àwọn arúgbó tí ń sá fún òtútù lọ sí ìpínlẹ̀ Florida àti Arizona, ẹyẹ ìgbà yìnyín ni ìtumọ̀ orúkọ náà lédè wa. Ọgbọ́n kan náà ni ó wọ ìlú méjì láìjẹ́ pé ẹnìkan kọ́ ẹnìkejì.

Ẹnìkan lè béèrè pé, èéṣe tí Bàbá àti Màmá kò kúkú dúró sílé? Ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ìjọba Britain máa ń fi kún owó ìfẹ̀yìntì ìjọba lọ́dọọdún fún àwọn tí ń gbé lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi Nàìjíríà ṣe ibùgbé pátápátá kò ní rí àfikún náà. Iye tí ó ń gbà nígbà tí ó kó wálé ni yóò máa gbà títí ayé, bí ọjà ti wù kí ó gbówó lórí tó. Ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn tún wà níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá Màmá jà, ìtọ̀ ṣúgà sì ń yọ Bàbá lẹ́nu. Ibùgbé ni ìjọba ọ̀hún ń wò kí wọ́n tó gba ènìyàn sí ilé ìwòsàn ìjọba láìgba owó lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe ìwé ìrìnnà nìkan. Ní àfikún, ọ̀hún ni àwọn ọmọ àti ọmọọmọ wọn wà. Ṣùgbọ́n ilé ni àwọn àbúrò àti ẹ̀gbọ́n wọn wà, ilé ni sàréè àwọn òbí wọn wà, ilé sì ni wọ́n ti lè sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ di alẹ́ láìsí pé wọ́n ń wá ọ̀rọ̀ tí wọn yóò fi sọ ọ́. Ẹsẹ̀ kan wà nílé, ẹsẹ̀ kan wà lọ́nà.

Bàbá kò fi ìgbà kankan gbàgbé iṣẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n ṣe. Wọ́n ti rí i lọ́hùn-ún pé àwọn òyìnbó kan wà tó jẹ́ pé, bí wọ́n bá ti fẹ̀yìn tì, wọ́n á ra ọkọ̀ ńlá kan tí ibùsùn, ààrò ìdáná àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ọkọ̀-ilé ni n ó máa pè é. Àwọn ará Britain á fi ọkọ̀ ojú omi gbé e sọdá, wọ́n á wà á títí dé Spain, ibẹ̀ ni wọn yóò wà títí òtútù yóò fi lọ. Ní Arizona, ìlú kékeré kan wà tí ń jẹ́ Quartzsite. Bí ìgbà òtútù bá dé, àwọn ọkọ̀-ilé á kún gbogbo aṣálẹ̀ ibẹ̀ bí àgọ́ ọmọ ogun, bí ooru bá sì padà dé, olúkúlùkù á wa tirẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ yìí wọ Bàbá lára púpọ̀. Lọ́dọọdún, nígbà tí a bá ń di ẹrù, wọ́n á mú un jáde.

"Ilé tí ń rìn!" wọ́n á ní. "Kò sí pé à ń ti ilẹ̀kùn, kò sí pé à ń wá ẹni tí yóò ṣọ́ ilé. Ibi tó bá wuni ni èèyàn ń sùn."

Màmá kì í gbé orí sókè kúrò nídìí ẹrù tí wọ́n ń dì. "Bàbá àwọn ọmọ, ta ni yóò kí wa kú àárọ̀ nínú ọkọ̀ ọ̀hún?"

Bàbá á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo ti wá rí i pé àríyànjiyàn àwọn méjèèjì jìn ju àwàdà lọ. Ohun tí wọ́n ń bi ara wọn ni pé, ṣé ènìyàn lè gbé ilé rẹ̀ dání bí ìgbín ti ń gbé ìkarahun, tàbí ó di dandan kí ilé dúró sí ibì kan kí ẹlòmíràn sì máa bá a ṣọ́ ọ? Ìdáhùn tí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà fún ìbéèrè yìí ti pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ṣe ọkọ̀-ilé.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti Òṣogbo tí mò ń gbé. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ fún wa pé láti Ìpólé, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ni Lárọ̀óyè àti Tìmẹ́hìn ti ṣí wá sí etí odò Ọ̀ṣun nítorí àìtó omi. Àwọn tó palẹ̀ ilé mọ́ ni wọ́n tẹ ìlú yìí dó. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àwọn baba ńlá wa kì í ní ibùgbé kan ṣoṣo. Ilé wà nínú ìlú, abà sì wà ní oko. Bí iṣẹ́ kòkó bá ti gbóná, láti nǹkan bí oṣù Kẹwàá lọ, àgbàlagbà lè wà ní abà fún oṣù mẹ́ta, kí ó má wálé àfi nígbà ọdún, ìsìnkú tàbí ìpàdé ẹbí. Síbẹ̀, bí o bá bi í pé níbo ni ilé rẹ̀, kò jẹ́ dárúkọ abà. Ibi tí ó ti ń sùn jù kọ́ ni ilé rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé ilé ni àbọ̀ sinmi oko.

Àwọn òṣómàáló ni wọ́n wá sọ ìrìn di iṣẹ́. Ó yẹ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ èdè mọ orúkọ yìí dáadáa. Kí ènìyàn lóṣòó ni kí ó bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ láìjókòó. Oníṣòwò aṣọ tó jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni òṣómàáló. Àwìn ni ó máa ń tà, díẹ̀díẹ̀ ni àwọn oníbàárà sì máa ń san owó náà. Bí ọjọ́ ìsanwó bá pé, yóò lọ sí ilé ajigbèsè. Bí wọ́n bá fi àga lọ̀ ọ́, kò ní jókòó. Òṣó ni òun máa ló títí òun yóò fi gba owó òun. Orúkọ àwàdà ni tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti di orúkọ ìwúrí fún gbogbo ọmọ Ìjẹ̀ṣà lónìí.

Ogun Kírìjì, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877, ti dí ojú ọ̀nà fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n ṣe àdéhùn àlàáfíà ní ọdún 1886, ṣùgbọ́n ọdún 1893 ni àwọn ọmọ ogun tó tú ká ní ibùdó. Nígbà tí ọ̀nà là, àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà gbọ́n ẹsẹ̀ wọn nù. Ọkọ̀ ojú irin dé Òṣogbo ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó sì kó ọjà wá síbẹ̀. Aṣọ di ohun tí ènìyàn lè rù káàkiri. Òṣómàáló a máa fi ẹsẹ̀ rìn, nígbà tó yá a máa gun kẹ̀kẹ́, wọ́n sì dé Èkìtì, Àkókó, Oǹdó, Ìgbómìnà, títí lọ dé òkè ọya. Ọ̀pọ̀ wọn mú ọmọ iṣẹ́ dání, tí yóò sin ọ̀gá rẹ̀ fún ọdún mélòó kan kí òun náà tó dá dúró.

Níbo ni wọ́n ń sùn? Inú yàrá kan ní ilé onílé ni. Òṣómàáló kò ní ilé tí ń rìn; onílé ni ó ní. Ní ìlú kọ̀ọ̀kan tí ó ń ná, ẹnìkan wà tí ó mọ orúkọ rẹ̀, tí ó ń bá a tọ́jú ẹrù, tí yóò sọ fún un pé ajigbèsè kan ti ń palẹ̀ mọ́ láti sá lọ. Bí owó bá sì wọlé, Iléṣà ni yóò kọ́lé sí. Yóò máa gbé nínú yàrá kan ní ilé ẹlòmíràn fún ogún ọdún, kí ó lè ní ilé alájà kan nílé tí kò ní gbé inú rẹ̀ ju oṣù kan lọ lọ́dún. Lójú ẹlòmíràn, èyí jọ ìwà òmùgọ̀. Ṣùgbọ́n ilé náà kì í ṣófo. Ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀, àbúrò rẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn ọmọ ẹbí tí ń lọ sí ilé ìwé wà níbẹ̀. Títí di òní, nígbà ọdún Ìwúdé ní oṣù Kejìlá, ẹ lè rí bí àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà ṣe ń ya wọlé láti ibi gbogbo.

Ibi tí ọ̀rọ̀ tiwa ti yàtọ̀ nìyí. Agbo ilé àtijọ́ kò mọ ìṣòro kọ́kọ́rọ́. Bí ẹni mẹ́wàá bá lọ sí oko, ẹni ogún wà nílé. Ìyá arúgbó kan á sì wà ní ẹnu ọ̀nà tí kò ní jẹ́ kí àjèjì kọjá láìkí i. Àwa ni a kúrò ní agbo ilé, tí a ra ilẹ̀ sí ẹ̀yìn ìlú, tí a mọ odi yí i ká, tí a fi geeti onírin sí i. Ilé Bàbá rí bẹ́ẹ̀. Yàrá márùn-ún ni, ẹni méjì péré ni ó ń gbé inú rẹ̀, fún oṣù márùn-ún láàárín ọdún.

Nítorí náà, ó ń gba ọ̀sẹ̀ kan gbáko kí a tó lè ti ilé náà. Òjò ni a kọ́kọ́ máa ń rò, nítorí pé òjò àkọ́rọ̀ a máa bá ìjì rìn. Ẹnìkan á gun orí àjà lọ wo ibi tí páànù ti lu, a ó sì kó ewé kúrò nínú ọ̀nà ọ̀gbàrá. Ikán ni a tún máa ń rò tẹ̀lé e. A ó da oògùn sí ìdí ògiri, a ó gbé ìwé kúrò nílẹ̀, a ó gbé ibùsùn dúró kí afẹ́fẹ́ lè máa fẹ́ sí i, a ó sì ju káńfọ̀ sínú àpótí aṣọ. A ó fa epo kúrò nínú jẹnẹrétọ̀, torí pé epo tó bá pẹ́ nínú rẹ̀ a máa bà á jẹ́. A ó yọ orí bátìrì ọkọ̀. A ó pa gáàsì, a ó fọ fíríìjì, a ó sì fi igi há ilẹ̀kùn rẹ̀ kí ó má baà hu. A ó da omi tánkì nù, a ó bo kànga, a ó ro koríko àyíká kí ejò má baà sọ ọ́ di ilé.

Ẹrù tiwọn alára tún wà níbẹ̀. Báàgì tí ọkọ̀ òfuurufú sábà máa ń gbà fún ènìyàn kò gbọdọ̀ wúwo ju kìlógíráàmù 23 lọ. Gàrí, èlùbọ́, ẹ̀gúsí àti ata gígún ni Màmá máa ń dì. Ẹran gbígbẹ kò gbọdọ̀ bá wọn lọ nítorí pé òfin Britain kò gbà á wọlé. A ó gbé báàgì kọ́ sórí òṣùwọ̀n, a ó yọ gàrí ife méjì, a ó tún un kọ́, a ó tún yọ díẹ̀. Oògùn wọn nìkan ni a kì í yọ. Ọwọ́ ni Màmá fi máa ń kó o, pẹ̀lú ìwé dókítà, wọn kì í jẹ́ kí ó wọ inú ẹrù ńlá láé.

Lẹ́yìn èyí ni ìdágbére, iṣẹ́ ńlá sì ni. Màmá á kọ́kọ́ san gbèsè: ti ìyá ẹlẹ́lùbọ́, ti ẹni tó tún bàtà ṣe, ti ẹni tó gbé omi wá. Wọ́n á ní ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti tó báyìí kò gbọdọ̀ wọ bàálù pẹ̀lú gbèsè ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́rùn. Wọ́n á lọ kí olórí ẹbí, wọ́n á lọ kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, wọ́n á lọ bá ẹni tí wọ́n jọ ní aáwọ̀ sọ̀rọ̀. Bí a bá fi ọkọ̀-ilé ṣe ilé, bóyá a kò ní nílò gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n mo ti ṣàkíyèsí pé ọ̀sẹ̀ náà ni wọ́n máa ń rí ènìyàn jù lọ nínú oṣù márààrún tí wọ́n fi wà nílé.

Ìṣòro tó kù ni ti kọ́kọ́rọ́. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n gba ọlọ́dẹ kan tí ẹnìkan júwe fún wọn, wọ́n sì san owó oṣù mẹ́fà fún un ṣáájú. Oṣù kẹta kò tíì pé tí ó fi lọ. Ìjì ṣí páànù méjì, òjò wọ pálọ̀, ikán jẹ ìwé àwòrán ìgbéyàwó wọn láti ẹ̀yìn dé iwájú, ẹnìkan sì tú ẹ̀rọ tí ń fa omi lọ. Kì í ṣe ẹ̀rọ omi ni Màmá sunkún sí. Àwòrán ni. Bàbá ìyá wọn wà nínú àwòrán náà, kò sì sí òmíràn níbikíbi.

Ní ọdún tó kọjá, àwọn ọmọ fi kámẹ́rà ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù, èyí tí Bàbá lè máa fi fóònù wo geeti láti ọ̀hún. Inú Bàbá dùn sí i púpọ̀. Màmá ní kò burú, ṣùgbọ́n kámẹ́rà lè rí olè, kò lè gbálẹ̀. Ohun tí Màmá fẹ́ ni kí wọ́n fún ọmọ ẹbí kan ní yàrá méjì tó wà lẹ́yìn. Opó ni, aṣọ ni ó ń rán, ọmọ méjì ni ó ní. Bàbá dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́ kí wọ́n tó fèsì.

"Mi ò kọ̀ ọ́," wọ́n ní. "Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé inú ilé fún ọdún mẹ́ta lè gbàgbé pé àlejò ni òun. Bí a bá sì kú, àwọn ọmọ wa tí kò mọ ilé ni yóò máa bá a ṣẹjọ́."

Ẹ̀rù tí ó bà wọ́n kì í ṣe asán. Kò sí ìdílé tí kò mọ ẹjọ́ ilé kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àánú. Màmá kò bínú. Wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ kí á sọ ọ́ lójú ẹbí, Bàbá àwọn ọmọ. Ọ̀rọ̀ tí a bá sọ lójú ènìyàn púpọ̀ kì í sọnù." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe. Wọ́n pe olórí ẹbí, wọ́n pe ẹ̀gbọ́n ọkọ opó náà tó ti dolóògbé, wọ́n pe èmi náà. Agbẹjọ́rò kọ ọ́ sínú ìwé pé kò san owó ilé, kò sì ni ilé. Òun ni olùtọ́jú. Gbogbo wa fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ni olórí ẹbí gbé obì, wọ́n gbàdúrà, a sì jẹ ẹ́.

Ní ọjọ́ yẹn kan náà ni Màmá sọ èyí tó wúwo jù. Wọ́n ní bí ọjọ́ bá dé bá àwọn lọ́hùn-ún, kí àwọn ọmọ má ṣe jẹ gbèsè láti gbé òkú wálé. Kí wọ́n sin àwọn síbẹ̀, kí wọ́n sì wá sọ ọ́ fún ẹbí ní Iléṣà pẹ̀lú ẹnu ara wọn. Bàbá ní ti àwọn kò rí bẹ́ẹ̀, ilé ni kí wọ́n gbé àwọn wá. Wọn kò fohùn ṣọ̀kan. Agbẹjọ́rò kọ ìfẹ́ olúkúlùkù sílẹ̀ nínú ìwé ìhágún tirẹ̀, ó sì di ọ̀rọ̀ tí a lè sọ láìgbọ̀n jìnnìjìnnì. Mo ti wá gbà pé ara ìpalẹ̀mọ́ ni èyí pẹ̀lú. Ẹni tó bá lè ka epo inú jẹnẹrétọ̀ sí, kò yẹ kí ó fo èyí.

Ẹ má gbàgbé pé àwọn kan wà tí wọn kò rí ọ̀sẹ̀ kan lò. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Ghana pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún Yorùbá ni ó kàn, wọ́n sì fi ilé, ìsọ̀ àti gbèsè tí àwọn ènìyàn jẹ wọ́n sílẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 1983, Nàìjíríà náà lé àwọn tí kò ní ìwé, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọmọ Ghana. Báàgì onílà tí wọ́n fi di ẹrù ni a ń pè ní Ghana-Must-Go títí di òní, báàgì náà ni Màmá sì ń di èlùbọ́ sí. Ẹni tí a lé kì í dágbére. Ẹni tó bá ráyè ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tí ó sì mọ ẹni tí òun fa kọ́kọ́rọ́ lé lọ́wọ́, ó yẹ kí ó dúpẹ́.

Ní oṣù Karùn-ún tó tẹ̀ lé e, mo yà sí ilé náà nígbà tí mo lọ sí Iléṣà. Ìró ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo kọ́kọ́ gbọ́ láti ẹnu geeti. Wọ́n sá aṣọ sórí okùn, ọmọdé kan sì kúnlẹ̀ kí mi ní ẹnu ọ̀nà. Bàbá ti rí mi nínú kámẹ́rà. Fóònù mi dún kí n tó jókòó. Wọn kò béèrè páànù, wọn kò béèrè ikán. "Ṣé wọ́n ti fún ọ lóúnjẹ níbẹ̀?" ni ohun tí wọ́n bi mí. Iyán ni mo jẹ.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ èdè wa, mo fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀ kan kí n tó dákẹ́. Nígbà tí Yorùbá bá ń pínyà, "ó dàbọ̀" ni a ń wí, ìyẹn ni pé ó di ìgbà tí a bá bọ̀. Ìpadàbọ̀ ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ ìpínyà wa. Ẹni tí ń lọ ń ṣèlérí pé òun yóò bọ̀, ẹni tó dúró sì ń ṣèlérí pé òun yóò wà níbẹ̀ láti kí i káàbọ̀. Ẹni méjì ni ọ̀rọ̀ náà gbà. Ẹnìkan kò lè dá a sọ fún ara rẹ̀ nínú ọkọ̀. Bí àwọn òbí yín bá ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n sì ń lọ tí wọ́n ń bọ̀, ẹ má kàn bi wọ́n pé kìló mélòó ni ẹrù wọn. Ẹ bi wọ́n pé ta ni wọ́n fa kọ́kọ́rọ́ lé lọ́wọ́.

Àlọ ire, àbọ̀ ire fún gbogbo arìnrìn-àjò. Ó dàbọ̀ o.